Ọwọ́ Tó Bá Lọ Gbọ́dọ̀ Bọ̀

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ òótọ́ kí àwọn tó ń yìn ín tó sọ ọ́ di áńgẹ́lì: bàbá àgbà mi ṣòro láti bá gbé. Kò fẹ́ kí a tan rédíò nínú ilé, ó ní àwọn onígìtá inú rẹ̀ ń lu wáyà bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Tó bá ń jẹun, ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á máa jó lórí tábìlì. Bí o bá bá a sọ̀rọ̀ lásìkò yẹn kò ní dá ẹ lóhùn, ṣùgbọ́n tó bá jẹun tán, á bi ẹ́ léèrè ìdí tí o kò fi kí òun. Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, gbogbo ẹni tó gba máíkì ló ń sọ pé onísùúrù èèyàn ni. Mo pọn ọmọ mi sẹ́yìn, mo ń wò wọ́n. Onísùúrù bàbá ta ni? Bàbá kò ní sùúrù fún oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá, kò ní in fún pásítọ̀, kò ní in fún ìrẹsì tó bá pẹ́ lórí iná. Wáyà gìtá ló ní sùúrù fún. Òun àti ọ̀nà tí màmá mi gbà lọ.

Bàbá màmá mi ni. Mo wà ní kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, nínú ilé oníyàrá méjì ní Aduwawa, nílùú Benin. Bàbá tó bí mi ti bá tirẹ̀ lọ tipẹ́, màmá mi, Títí, náà sì rìnrìn àjò. Gbogbo àdúgbò ń pe bàbá àgbà ní Baba Guitar. Ìkàrẹ́ ló ti wá sí Benin nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, nígbà tí kò sí hòtẹ́ẹ̀lì gidi kan tí kò ní àwọn olórin tirẹ̀. Jáàsì ló ń lù, ṣùgbọ́n kì í ṣe jáàsì pọ́ńbélé. Èyí tí wọ́n ti da ìlù oníjó àti ariwo gìtá oníná pọ̀ mọ́ ni, ó ń pè é ní jáàsì àdàlù. Pásítọ̀ wa bi í léèrè nígbà kan pé irú orin wo tilẹ̀ nìyẹn. Bàbá ní: "Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni, pásítọ̀. Bí ọwọ́ ẹni tó sè é bá mọ́, ẹ ò ní mọ èyí tó kọ́kọ́ dé orí iná."

Nígbà tí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì lé olórin dànù, tí wọ́n gbé sípíkà rọ́pò wọn, ṣọ́ọ̀ṣì ló kù tó ń lù fún, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń wọkọ̀ láti Ekosodin wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ wọn kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ. Bí píìkì, ike pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ta wáyà, bá sọ̀ kalẹ̀ lórí wáyà, ìyẹn ni "lọ." Bó bá padà sókè, ìyẹn ni "bọ̀." Lọ, bọ̀, lọ, bọ̀, láìdáwọ́ dúró, láìkánjú, láti wáyà tó nípọn jù dé èyí tó tín-ín-rín jù. Ọrùn ọwọ́ ni kó máa ṣe é. Bó bá rí i pé o ń fi gbogbo apá lù ú, á ní, "Ṣé iyán lo fẹ́ gún ni?"

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tó ń jẹ́ Tóbi, ọmọ Ìbàdàn, tó yára bí iná ọyẹ́. Ṣùgbọ́n lọ nìkan ló ń lù, kò mọ bọ̀ ọ́ lù.

"Bàbá, ẹ gbọ́ bó ṣe ń yá!"

"Ó ń yá lọ síbo?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ ṣáà gbọ́ ọ dópin."

Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ bo wáyà mọ́ ọn lọ́wọ́. "Tóbi, ẹni tó ń lọ tí kò mọ̀ pé òun ń bọ̀, kì í ṣe pé ó yára. Ó sọnù ni."

Èmi náà kọ́ ọ. Benin ni wọ́n ti bí mi, ahọ́n mi kò tíì dúró lórí Yorùbá nígbà náà. Bàbá á sọ Yorùbá, èmi á fi pijin dá a lóhùn. Mo gbé gìtá tó tóbi jù mí lọ lé itan, mo ń pariwo bí mo ṣe ń lù ú: "Lọ, bọ́! Lọ, bọ́!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó pe àwọn tí a jọ ń gbé inú ọgbà kí wọ́n wá gbọ́ mi. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó tì mí. "Ọmọ Bìní, gbọ́. Ohun tó bá bọ́, ilẹ̀ ló ń lọ. Ohun tó bá ń bọ̀, ilé ló ń bọ̀. Tún un sọ."

Píìkì kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í sì í rà á. Inú ike ló ti ń gé e, káàdì báńkì ló sì fẹ́ràn jù, ó ní kò le jù, kò rọ̀ jù. Ẹ̀gbọ́n màmá mi, Ọ́ńkù Káyọ̀dé, òṣìṣẹ́ báńkì ni. Ó gbé káàdì tirẹ̀ sórí tẹlifíṣọ̀n wa lọ́jọ́ kan, ó wọ ilé ìwẹ̀. Nígbà tó jáde, ó bá Bàbá àti sísọ́ọ̀sì.

"Bàbá! Èyí tí mò ń lò lọ́wọ́ nìyí!"

"Mo rò pé ó ti kú ni. Ó dákẹ́ jẹ́ẹ́."

"Kí lẹ fẹ́ kí n fi gbowó báyìí?"

Bàbá ti mú èyí tó gé, ó fi ta wáyà kan, ó dẹ etí sí i. "Káyọ̀dé, fara balẹ̀. Láti ọjọ́ tí o ti wọ báńkì yẹn, òní ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó dùn jáde níbẹ̀."

Ẹ̀rín pin síbẹ̀ yẹn.

Irun ni màmá mi ń ṣe ní Ikpoba Hill. Obìnrin kan tó ń wá dirun lọ́dọ̀ rẹ̀ ló sọ fún un pé òun mọ àwọn tó ń múni gba Líbíà dé Ítálì. Ìjà tó ti ibẹ̀ jáde le. Mo wà ní yàrá kejì, mo ń gbọ́ wọn.

"Títí, ta ló gba inú aṣálẹ̀ lọ dirun rí?"

"Bàbá, ẹ̀yin náà fi Ìkàrẹ́ sílẹ̀ nítorí gìtá."

Ní àárọ̀ tí màmá mi ń lọ, ó dì mọ́ mi, ó ní kí n má jẹ́ kí Bàbá máa jẹun tútù. Lẹ́yìn náà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wá sọ ohun tí gbogbo wa máa ń sọ tí a bá fẹ́ jáde, bí ẹni tó fẹ́ ra iyọ̀ ní ìkòríta: "Bàbá, mò ń bọ̀ o." Bàbá kò gbójú sókè. Ó ń yí okùn gìtá, ó ní: "O ò tíì lọ, o ti ń bọ̀."

Ó pè wá láti Àgádésì, létí aṣálẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Niger. Ó ní ọkọ̀ àwọn máa gbéra láìpẹ́, pé ìyanrìn ti wọ òun létí, pé kí n kàwé. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Èyí ló mú mi débi tí mo fẹ́ sọ gan-an. Ohun kan wà nínú rídíìmù jáàsì àdàlù tí kì í tètè yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Bàbá. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni píìkì ń kan wáyà. Nígbà mìíràn, ọwọ́ òsì á di wáyà lọ́fun, ohùn kò ní jáde àfi kẹ́kẹ́ gbígbẹ. Nígbà mìíràn, ọwọ́ ọ̀tún á fo wáyà kọjá pátápátá, á kàn fẹ́ atẹ́gùn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ náà ò gbọdọ̀ dúró. Bó bá ti lọ, ó gbọ́dọ̀ bọ̀, yálà ó kan wáyà tàbí kò kàn án, nítorí pé òun ni aago orin. Bàbá ń pe èyí tí kò kàn án ní bíbọ̀ òfo. Tóbi ní kí ló dé tí òun á máa gbé ọwọ́ sókè lásán. Bàbá dá a lóhùn pé: "Bíbọ̀ òfo wà nínú orin. Bí o bá dáwọ́ dúró torí pé o ò gbọ́ nǹkan, orin ti já mọ́ ẹ lọ́wọ́."

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi bọ́ọ̀sì kó àwọn tó há sí Líbíà padà sí Benin, Bàbá kì í fo bọ́ọ̀sì kankan. Bó bá ti gbọ́ pé bọ́ọ̀sì ń bọ̀, á fọ ìró kan, ìró àǹkárá aláwọ̀ ewé tí màmá mi fi sílẹ̀, á ká a sínú ọ̀rá, èmi àti òun á lọ dúró lẹ́nu géètì ibi tí wọ́n ń já wọn sí. Ó ní aṣọ tí wọ́n fi ń kó wọn bọ̀, ṣòkòtò eré ìdárayá, kò yẹ obìnrin, pé Títí kò gbọdọ̀ wọ Aduwawa láìró ìró. Mo máa ń wo ojú gbogbo obìnrin tó bá sọ̀ kalẹ̀. Àwọn kan ti gbẹ débi pé bí wọ́n bá jẹ́ ìyá mi, ẹ̀rù ń bà mí pé mi ò ní dá a mọ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ti mọ̀ wá.

"Papa, you don come again?"

"My brother, na time I dey keep."

Nígbà tí bọ́ọ̀sì bá tú tán, ẹnikẹ́ni kò ní kù mọ́ àfi àwa àti àwọn ìyá mìíràn tó ń wo inú bọ́ọ̀sì tó ṣófo. Mo sunkún lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan, mo ní, "Bàbá, ọwọ́ òfo la tún fi bọ̀." Ó yí ọ̀rá ìró náà bọ abẹ́ apá kejì. "Ṣebí a ṣáà bọ̀."

Ọdún ń lọ. Mo jáde sẹ́kọ́ńdìrì, mo fẹ́ Osaze, ọmọ Ẹdó, mo kó lọ sílé ọkọ ní Ikpoba Hill, mo lóyún. Ìgbà yẹn ni Ọ́ńkù Káyọ̀dé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ká ṣe ìsìn ìrántí fún Títí kí ọkàn gbogbo wa lè balẹ̀. Ó tún fi kún un pé bí mo bá bí obìnrin, kò sí orúkọ mìíràn ju Ìyábọ̀ lọ. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí orúkọ yẹn ń sọ. A kì í pe ọmọ ní Ìyábọ̀ kí ìyá ṣì wà láyé. Mo sọ fún un pé kí ó má ṣe fi ẹnu rẹ̀ pa ìyá mi. Mo rò pé Bàbá á gbè mí. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ó dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ orúkọ, ó sì gbà kí wọ́n ṣe ìsìn náà. Wọ́n tún ní kó wá lu gìtá, ó tún gbà.

Ohun tó ṣe lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì títí dòní. Ó jókòó síwájú, ó so gìtá mọ́ sípíkà, sípíkà ń kùn. Wọ́n dá orin. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó ń bọ̀, ọrùn ọwọ́ rọ̀, ìlù ò yẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n píìkì kò kan wáyà. Àwọn èèyàn rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ẹnì kan lọ fọwọ́ kan wáyà iná. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rọ. Akọrin ń wo ara wọn, orin ń kú díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu wọn, títí ó fi ku onílù nìkan tó tẹjú mọ́ ọwọ́ Bàbá, tó ń tẹ̀ lé e. Bàbá lu orin náà débi tó yẹ kó parí sí, ó gbé gìtá sílẹ̀, ó padà sáyè rẹ̀.

Ọ́ńkù Káyọ̀dé dojú kọ ọ́ nígbà tí a jáde. "Bàbá, ẹ dójú tì wá! Ẹ dójú ti Títí! A ní kẹ́ ẹ wá lu orin fún un, ẹ jókòó, ẹ ń fẹ́ ara yín ní atẹ́gùn!"

"Mo lù ú, Káyọ̀dé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí èyí tí mo fò níbẹ̀."

Inú mi dùn nígbà náà. Mo rò pé ohun tó ń sọ ni pé Títí ò kú, pé orin ìrántí kò tíì tọ́ sí i. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbọ́ pé bọ́ọ̀sì ń bọ̀. Mo gbé oyún ńlá mi lọ sí Aduwawa lọ pè é, ó mú ọ̀rá ìró, ó tẹ̀ lé mi.

Mo bí obìnrin. Pálọ̀ àwọn àna mi la ti sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn ará ilé ọkọ mi sọ orúkọ Ẹdó tiwọn tán, ó ku tiwa. Bàbá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọ̀rá lórí itan. Èmi àti Ọ́ńkù Káyọ̀dé ti jà lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó sì ti gbà pé òun ò ní dá orúkọ náà. Àfi bí ìyá ọkọ mi ṣe dìde. Obìnrin tó lawọ́ ni, ó fẹ́ràn mi, ó sì fẹ́ kí àwa Yorùbá mọ̀ pé òun bọ̀wọ̀ fún wa. Ó ní òun ní aládùúgbò kan rí, ọmọ Yorùbá, tó tọ́jú òun nígbà tí òun bí Osaze.

"Our wife na Yoruba. I say make I no just sit down. I get one fine Yoruba name for the pikin. Iyabo!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kò mọ̀. Orúkọ obìnrin dáadáa kan ni lójú tirẹ̀, bí Comfort tàbí Patience. Nínú gbogbo pálọ̀ yẹn, àwa mẹ́ta péré ló gbọ́ ohun tó sọ. Ọ́ńkù Káyọ̀dé wo ilẹ̀. Èmi ń wo Bàbá, mo ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó bínú, kó kanra bí iṣe rẹ̀, kó ní rárá, kì í ṣe orúkọ ọmọ yìí.

Bàbá dìde. Ó wá síwájú mi, ó tẹ̀ ba, ó fi ẹnu sí etí ọmọ náà.

"Ìyábọ̀," ó ní. "Káàbọ̀."

Ó yọ ìró aláwọ̀ ewé yẹn kúrò nínú ọ̀rá, ó fi bo ọmọ. Ìyá ọkọ mi tún pàtẹ́wọ́: "You see? Papa like am!"

Mo bá Bàbá ní ẹ̀yìnkùlé. Mi ò lè jókòó, gbogbo ara ló ń dùn mí.

"Bàbá, ta ló sọ fún yín?"

"Obìnrin kan. Ó wá sílé kí wọ́n tó ṣe ìsìn ìrántí. Òun àti ìyá rẹ jọ wọ ọkọ̀ ní Àgádésì."

"Kí ló sọ?"

"Ọkọ̀ kún. Wọ́n fún wọn ní igi kan báyìí tí wọ́n fi ń di ara wọn mú. Oorun gbé e. Ó bọ́, Fúnmi."

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ẹ mọ ohun tí etí mi ṣe sí mi. Etí ọmọ Bìní ni, kò tíì mọ́ tán títí dòní. Fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń mí sínú, mo gbọ́ "ó bọ̀." Ọkàn mi fò sókè. Mo tiẹ̀ bojú wo ẹnu ọ̀nà.

"Ọkọ̀ ò dúró," Bàbá ní.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo pariwo lé e lórí, mo sọ àwọn ọ̀rọ̀ tí a kì í sọ sí àgbà. Mo ní, ẹ mọ̀, ẹ jẹ́ kí n gbé oyún lọ sẹ́nu géètì yẹn, ẹ bá mi dúró nínú oòrùn, ẹ sì gbé ìró dání! Kò bínú. Ó fi ọwọ́ kan orí mi.

"Ìwọ lò ń lọ. Mo bá ẹ lọ kí ìwọ lè bọ̀."

Mi ò tíì darí rẹ̀ jì í tán. Mo kọ ọ́ síbí torí pé òótọ́ ni. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo máa ń fi ìró yẹn pọn Ìyábọ̀, tí mo sì máa ń fẹ́ kí Bàbá dìde kí n tún bá a jà.

Ìyábọ̀ ti ń rìn nígbà tí rọpárọsẹ̀ mú apá ọ̀tún Bàbá. Tóbi, tó ṣì ń wá kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn tó ti jáde yunifásítì, ló ń kọ́ lọ́wọ́. Tóbi ní ọwọ́ Bàbá sọ̀ kalẹ̀ lórí wáyà, kò gòkè mọ́, píìkì sì jáde láàárín ìka rẹ̀. Bàbá wo píìkì nílẹ̀, ó ní, "Ó bọ́." Tóbi rò pé píìkì ló ń wí.

Mo gbé e wá sílé ọkọ mi, mo ń fi ṣíbí fún un lógì. Nígbà tó rí i pé oyún mìíràn ti yọ lára mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ sọ nǹkan, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti wọ́, ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde. Mo mọ ohun tí gbogbo èèyàn á sọ bó bá kú. Nígbà tó sì kú, lójú sàréè rẹ̀ gan-an, Ọ́ńkù Káyọ̀dé fọwọ́ kan ikùn mi, ó ní Babátúndé ti wà lọ́nà, ìyá ọkọ mi, tó ti kọ́gbọ́n, wá bi mí ní jẹ́jẹ́ pé, "That one mean wetin?" Mo ní kì í ṣe orúkọ ọmọ mi. Wọ́n rò pé ìbínú ṣì ń ṣe mí. Ohun tí Bàbá sọ ni mo ń mú ṣẹ, ọ̀rọ̀ tó gbé mì tó tún gbé jáde lọ́jọ́ yẹn kí ògì inú abọ́ tó tutù.

"Bó bá jẹ́ ọkùnrin, má sọ ọ́ ní Babátúndé."

"Kí ló dé, Bàbá? Ẹ ò fẹ́ padà wá bá wa ni?"

Ó mi orí. Ó fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún tó ti kú yẹn ka itan rẹ̀, ó tẹ́ ẹ síbẹ̀ dáadáa.

"Èmi máa ní sàréè. Ẹni tí kò ní ni kí ẹ máa fún lórúkọ."